Kókó Karùn-ún Tó Sọnù

Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú ènìyàn tí Earlene Tackett jẹ́, kí ó wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ nígbà tí ó bá kan ohun tó kó o nírìíra. Ìka ìfábẹ̀lá rẹ̀ a sún sẹ́yìn, a ká kò bí ìgbín tí wọ́n bu iyọ̀ sí lára, àtàǹpàkò yóò sì máa nu ún díẹ̀díẹ̀, bí ẹni pé nǹkan kan lẹ̀ mọ́ ọn. Ní ilé ìtẹ̀wé Hollkamp ní Louisville, níbi tí ó ti ń fi ìka ka bíréèlì, ìwé oníkókó àwọn afọ́jú, láti ọdún 1974, kò sí ẹni tí kò mọ ìnuka yẹn. Wọ́n ní ó burú ju èébú lọ, nítorí pé a lè dá èébú padà.

Ohun tó ń mú ìka náà ká kò kò lóǹkà. Ilé ìtura kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ sí etí odò Ohio fi bíréèlì sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wọn. Àwọn olójú ní ó rẹwà púpọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n fi gíláàsì bò ó kí ó má baà dọ̀tí, Earlene sì dúró níbẹ̀, ó ń fọwọ́ pa gíláàsì lórí bí ẹni tó ń wá ọ̀nà ilé rẹ̀ lórí yìnyín. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan, tí kò ní ibi lọ́kàn, fi àwòrán ajá kí i kú ọjọ́ ìbí lórí fóònù; kókó bíréèlì ni wọ́n fi to ajá náà láti imú dé ìrù. Ẹ̀rọ tó ń kàwé sí Earlene létí kò mọ ajá. Ohun tó bá níwájú rẹ̀ ló kà: kókó kìíní, kókó kejì, kókó kẹrin, títí ìṣẹ́jú mẹ́rin fi kọjá. Earlene tẹ́tí gbọ́ ajá náà tán, láìfo ẹsẹ̀ kan, ó sì fi ìwà pẹ̀lẹ́ dáhùn pé ó ṣeun.

A bí i ní apá Hazard, láàárín àwọn òkè, nígbà tí oṣù rẹ̀ kò tíì pé. Wọ́n gbé e sínú àpótí àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì tú atẹ́gùn sí i ju bí ó ti yẹ lọ nítorí pé wọn kò fẹ́ kí ó kú. Bí ojú rẹ̀ ṣe lọ nìyẹn. Baba rẹ̀ ń wa èédú nísàlẹ̀ ilẹ̀. A máa sọ pé òun àti ọmọ òun ni wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ nínú òkùnkùn, ṣùgbọ́n òun nìkan ni wọ́n fún ní fìtílà. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni Earlene nígbà tí wọ́n fi í sínú bọ́ọ̀sì lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ afọ́jú ní Louisville. Ibẹ̀ ni ìka rẹ̀ ti kọ́ ohun tí ojú rẹ̀ kò rí kọ́. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Ti Earlene, ìka ni.

Iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ẹnì kan. Rosetta Quarles, obìnrin tó fi ọdún mẹ́ta jù ú lọ, tí ojú rẹ̀ dá ṣáká, ni wọ́n jọ ń ṣe é láti ọdún méjìlélógún. Earlene a fi ìka ka bíréèlì sókè, Rosetta a fi ojú tẹ̀lé e nínú ìwé tí wọ́n fi yíǹkì tẹ̀. Ibi tí ohùn àti ojú bá ti yà, ibẹ̀ ni àṣìṣe wà. Wọn kì í fo kọ́mà. Wọ́n ti jọ ka ìwé ìṣirò àti ìwé orin ìjọ, wọ́n sì ti jọ ka ìwé òfin ọkọ̀ wíwà, èyí tí Earlene fara balẹ̀ kà ju gbogbo ìyókù lọ. Bí ìka bá ti yẹ ìwé wò tán, wọn a lu ìlà kan sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé ìkẹyìn: *Ìka tó yẹ̀ ẹ́ wò: E. Tackett.* Baba Hollkamp, tó dá ilé ìtẹ̀wé náà sílẹ̀, ló fi èyí lélẹ̀, òun náà ló sì fi òfin kan ṣoṣo lé e lórí: ìwé tí ọwọ́ bá kàn lẹ́yìn ìka, ìka gbọ́dọ̀ tún kàn án. Òkú baba náà ti tó ọdún mọ́kànlá nínú ilẹ̀. Òfin rẹ̀ ṣì wà láàyè, tàbí bẹ́ẹ̀ ni Earlene rò.

Nígbà tí Earlene bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, orí páànù ni wọ́n ti ń lu kókó. Kọ̀ǹpútà dé lẹ́yìn náà, kò sì mọ ohun tó ń jẹ́ kókó. Lẹ́tà àti àmì orí bọ́tìnnì nìkan ló mọ̀. Àwọn tó gbọ́n nínú iṣẹ́ náà wá bá a dọ́gbọ́n. Ilé bíréèlì kan ní àyè fún kókó mẹ́fà, bí ojú mẹ́fà tó wà lára ọmọ lúdò. Bí a bá lu èyí tí a fi ìyẹn sílẹ̀, ọ̀nà mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni a lè gbà ṣe é, ilé òfìfo náà sì wà nínú rẹ̀. Wọ́n mú àmì mẹ́rìnlélọ́gọ́ta lára bọ́tìnnì, wọ́n ní kí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa ṣe aṣojú ilé kan. Lẹ́tà *a* ń ṣe aṣojú kókó kìíní. Kọ́mà ń ṣe aṣojú kókó kẹfà, èyí tó ń kéde pé lẹ́tà ńlá ń bọ̀. Àmì àyọlò, èyí tó dúró gbọọrọ bí igi ìṣáná méjì, kò yọ ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni lò níbẹ̀. Kókó karùn-ún ló ń ṣojú fún. Olójú tó bá ṣí irú fáìlì bẹ́ẹ̀ yóò rò pé adìẹ ló rìn kọjá lórí bọ́tìnnì. Ẹ̀rọ tó ń lu kókó sórí ìwé mọ̀ pé adìẹ kọ́.

Kókó karùn-ún yìí kì í ṣe ọmọdé láàárín wọn. Àwọn tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì ka bíréèlì kò ní sùúrù láti lu gbogbo lẹ́tà inú ọ̀rọ̀. Lẹ́tà kan ṣoṣo a máa dúró fún odindi ọ̀rọ̀. Fi kókó karùn-ún síwájú lẹ́tà kan náà, ó di ọ̀rọ̀ mìíràn. Lẹ́tà *m*, tó jẹ́ "sí i" lásán, bí kókó karùn-ún bá ṣáájú rẹ̀, "ìyá" ni. Èyí tó jẹ́ "láti" a di "bàbá". Èyí tó jẹ́ "pé" a di "àkókò". Kókó kan tí kò tó orí abẹ́rẹ́ ló wà láàárín ìyá ẹni àti "sí i".

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Túsìdeè kan nínú oṣù Kẹta, ọdún 2011, òjò ń rọ̀, Rosetta ń fi ọ̀bẹ pín ìpín búrẹ́dì oníkùkúńbà tó gbé wá sí méjì, fóònù dún nínú yàrá àyẹ̀wò. Earlene gbé e.

"Ẹ káàárọ̀, mà," ni ohùn ọkùnrin kan wí. "Delbert Ogle lorúkọ mi, láti àdúgbò Portland nílùú níbí. Nọ́ńbà yín ni mo rí lẹ́yìn ìwé. Mo fẹ́ bèèrè bóyá ẹ máa ń gba ìwé padà."

"Ìwé wo?"

"Ti abẹ́rẹ́ ínsúlínì, èyí tí wọ́n fún mi ní ilé ìwòsàn lánàá. Ẹ bá mi wá ẹni tó lè kà á kí ẹ fún un. Èmi ò lè kà á mọ́."

"Kí ló dé?"

"Ìka mi ti kú, mà."

Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé táyà ọkọ̀ òun ti jò. Earlene fa ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ díẹ̀, ọkùnrin náà sì sọ ìtàn ara rẹ̀ láìṣàròyé. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló fi so okùn mọ́ ọkọ̀ ẹrù lórí odò Ohio. Ìtọ̀ ṣúgà gba ojú rẹ̀ ní ọdún méjì sẹ́yìn. Láti oṣù mẹ́jọ ló ti ń kọ́ bíréèlì, nítorí pé kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa ka iye abẹ́rẹ́ tó yẹ fún un sí i létí bí ọmọdé.

"Ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ kú," ni Delbert wí. "Dókítà ní kí n máa retí ọwọ́. Ní Sátidé mo ka ìwé ẹ̀kọ́ mi, ó dùn mọ́ mi. Lánàá ni mo gba èyí. Ìlà tí mo bá mú, ọ̀rọ̀ wèrè ni."

"Mú ìlà kan, kà á sí mi létí."

Ó pẹ́ kí ó tó kà. Earlene ń gbọ́ bí awọ ọwọ́ rẹ̀ tó le ṣe ń họ ìwé. "*Ìmọ̀*," ni ọkùnrin náà wí. "*Kàkà. Pé. Ṣe. Fún abẹ́rẹ́ rẹ*."

Earlene sọ ohun tó ti ń sọ fún àwọn tó ń kọ́ bíréèlì lágbà láti ọjọ́ pípẹ́. "Má tẹ̀ ẹ́ jù. Ṣe bí ẹni tó ń pa ológbò lára. Tún un kà."

Delbert tún un kà. Ìmọ̀, kàkà, pé, ṣe.

"Bóyá ó ti rẹ̀ ọ́ ni," ni Earlene wí. "Sinmi. Pè mí lọ́la."

"Mi ò rí ohun tí mo fẹ́ pè yín sọ lọ́la, mà. Ẹ ṣé. Ìwé yẹn nìkan ni mo fẹ́ dá padà." Ó sì gbé fóònù sílẹ̀.

Rosetta ti búrẹ́dì sí i lápá. "Ta ni yẹn?"

"Ọkùnrin kan tí ìka rẹ̀ kú."

"Ojú rẹ ò jọ ti ẹni tó gbà bẹ́ẹ̀."

Earlene kò fọwọ́ kan búrẹ́dì náà. Ó ń ro ọ̀rọ̀ mẹ́rin tí ọkùnrin náà kà. Ìka tó ń kú a máa pàdánù kókó níbi gbogbo, lókè àti nísàlẹ̀, bí òrùlé tó ń jò. Kì í ṣa ẹyọ kókó kan láàárín mẹ́fà kí ó máa dojú kọ ìyẹn nìkan. Ṣùgbọ́n fi kókó karùn-ún síwájú ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan tí Delbert kà: "ìmọ̀" di "mọ̀", "kàkà" di "tó yẹ", "pé" di "àkókò", "ṣe" di "ọjọ́". Tò wọ́n bí a ṣe ń sọ ọ́: *Mọ àkókò tó yẹ lójúmọ́ fún abẹ́rẹ́ rẹ.* Ọkùnrin náà kò ṣi kókó kankan kà. Ó ka gbogbo ohun tí wọ́n lù fún un.

Ó dìde, ó gba ọ̀nà ibi tí wọ́n ti ń di ìwé. Ẹgbẹ̀ta ìwé ínsúlínì ló wà nílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n ti dì wọ́n tán, wọ́n ń dúró de ọkọ̀ ilé ìwòsàn. Ó mú èyí tó wà lókè pátápátá, ó ṣí i, ó fi ìka lé e. Ìlà kìíní, ìka rẹ̀ sá sẹ́yìn. Ìlà kejì ní kí òǹkàwé bèèrè lọ́wọ́ sí i rẹ̀ tàbí láti rẹ̀ bóyá ìtọ̀ ṣúgà wà nínú ìdílé. Ìlà kẹta burú ju ìyẹn. Àtàǹpàkò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í nu ìka ìfábẹ̀lá, ó ń nu ún, ó ń nu ún. Nígbà náà ló ṣí ojú ìwé ìkẹyìn. Kò sí kókó karùn-ún tó dá dúró nínú orúkọ rẹ̀ láti sọnù, nítorí náà ó pé pérépéré: *Ìka tó yẹ̀ ẹ́ wò: E. Tackett.*

Ohun tó rí i lára jù kì í ṣe ẹgbẹ̀ta ìwé náà. Ọ̀rọ̀ ẹnu ara rẹ̀ ni. Má tẹ̀ ẹ́ jù. Bóyá ó ti rẹ̀ ọ́ ni.

Rosetta ti ṣí fáìlì náà lórí kọ̀ǹpútà nígbà tí ó padà dé. "Wá gbọ́," ló wí. "Àwọn àmì àyọlò inú ẹ̀ ò dúró gbọọrọ mọ́. Wọ́n ti ká kò."

"Ká kò báwo?"

"Bí ìdin."

"Èwo nínú wọn?"

"Gbogbo wọn, ọ̀rẹ́ mi. Ìdin ló kún inú ìwé yìí láti òkè délẹ̀."

Kò sí àdìtú níbẹ̀. Ẹ̀rọ ìkọ̀wé àwọn olójú fẹ́ràn kí àmì àyọlò tẹ̀ síwá tẹ̀ sẹ́yìn. Bí ẹni bá ṣí fáìlì kókó nínú rẹ̀, yóò tún gbogbo wọn tẹ̀ láìbèèrè. Ẹ̀rọ tó ń lu kókó kò mọ àmì tó tẹ̀. Kò sí nínú mẹ́rìnlélọ́gọ́ta tirẹ̀, ó sì ń ṣe bí àlejò oníwàpẹ̀lẹ́ tí wọ́n gbé oúnjẹ tí kò mọ̀ síwájú rẹ̀: a gbójú fò ó, a kì í sọ nǹkan.

Dwight Hollkamp, ọmọ baba tó dá ilé ìtẹ̀wé sílẹ̀, wà nínú ọ́fíìsì rẹ̀ pẹ̀lú Garrett Osting, ẹni tí ó gbà síṣẹ́ ní oṣù mẹ́fà sẹ́yìn láti máa tún ètò ilé iṣẹ́ náà ṣe. Earlene mọ Dwight láti ìgbà tó ti ń rákò lábẹ́ ẹ̀rọ. Ó gbé ìwé náà lé tábìlì rẹ̀, Rosetta dúró lẹ́yìn rẹ̀.

"Ta ló ṣí fáìlì ínsúlínì lẹ́yìn tí mo kà á tán?"

"Èmi ni, Mísì Earlene," ni Garrett wí, inú rẹ̀ dùn pé wọ́n bèèrè. "Ilé ìwòsàn fẹ́ kí orúkọ wọn tuntun wà níwájú ìwé. Mo fi sí i, mo sì tún un nù mọ́. Mi ò fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ kankan. Àwọn àmì yẹn nìkan ni ẹ̀rọ tún ṣe fúnra ẹ̀, wọ́n dẹ̀ tún rẹwà sí i."

"Wọ́n rẹwà."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Dwight, ṣé o gbọ́? Wọ́n rẹwà."

Rosetta ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀, ní ọ̀rọ̀ díẹ̀, bí ẹni tó ń ka ìwé ìdájọ́. Dwight fọwọ́ pa orí. Ènìyàn rere ni. Kò sí ẹni tó lè sọ pé kì í ṣe ènìyàn rere, ìyẹn gan-an sì ni ìṣòro rẹ̀, nítorí pé gbogbo ènìyàn ló fẹ́ tẹ́ lọ́rùn títí agogo fi máa lù.

"Mísì Earlene, ọkọ̀ wọn ń bọ̀ ní agogo mẹ́ta," ló wí. "Ẹ̀yin náà mọ̀ pé àwọn òǹkàwé wa ò gọ̀. Bí wọ́n bá kàn án, wọ́n á fi orí gbé e."

"Ọ̀kan ti fi orí gbé e láàárọ̀ yìí. Ó ní ìka òun ti kú. Ó fẹ́ dá ìwé padà."

"Wọ́n ti rí i gbà?"

Garrett dá sí i. "Ẹyọ kan ni mo mú lọ fún wọn lánàá, kí wọ́n lè rí bó ṣe rí."

"Kí wọ́n rí i," ni Rosetta wí. "Wọ́n rí i, wọ́n ní ó dáa."

"Ó dáa, a ó fi ìwé pélébé kan há inú ọ̀kọ̀ọ̀kan," ni Dwight wí. "Ìwé àtúnṣe. Garrett lè tẹ̀ ẹ́ jáde níbí kí ọkọ̀ tó dé."

"Orí ẹ̀rọ wo?"

"Orí ẹ̀rọ ọ́fíìsì."

Rosetta bú sẹ́rìn-ín, kò sì tọrọ àforíjì. "Yíǹkì, Dwight? Fún àwọn afọ́jú? Kí wọ́n gbé e sí imú, kí wọ́n gbóòórùn àtúnṣe?"

"Mi ò rò ó débẹ̀."

Garrett ní òun fẹ́ sọ nǹkan kan, bí wọn kò bá ní bínú. "Ẹ̀bi tèmi lọ́tọ̀, láti ayé Nóà la ti wà lórí lẹ́tà àti kọ́mà yìí. Gbogbo ayé ti fún bíréèlì ní ilé tirẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà, igba ó lé mẹ́rìndínlọ́gọ́ta, oníkókó mẹ́jọ-mẹ́jọ pàápàá. Ká ní ìyẹn là ń lò ni, kò sẹ́ni tó máa ṣi kókó pè ní àmì àyọlò."

"Òótọ́ lo sọ," ni Earlene wí, ìdáhùn náà sì ya Garrett lẹ́nu. "Ra ẹ̀rọ tó gbọ́ èdè ilé yẹn fún mi, n ó lò ó. Wọ́n ti fi kọ́ ajá fún mi rí. Ṣùgbọ́n kò sí iye ilé tí wọ́n lè kọ́ fún wa, tí ẹni tí kò fọwọ́ kan ògiri ẹ̀ rí kò ní wó. Ta ló kà á lẹ́yìn tí o nù ún mọ́?"

"Ẹ̀yin ti kà á tẹ́lẹ̀..."

"Lẹ́yìn tí o nù ún mọ́."

"Kò sẹ́nì kankan, mà."

"Orúkọ ta ló wà lójú ìwé ìkẹyìn?"

Earlene yí padà, ó jáde, ó lọ sí ibi àpótí iṣẹ́ rẹ̀, ó mú igi ìpakókó.

Igi kékeré ni, ẹnu rẹ̀ rí bí ti òròmọdìẹ, wọ́n fi ń tẹ kókó tí a ṣì lù mọ́lẹ̀ títí ìwé yóò fi tẹ́jú. Earlene jókòó síwájú ẹgbẹ̀ta ìwé náà. Ó ṣí ti òkè dé ẹ̀yìn, ó wá orúkọ ara rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa á. Lẹ́tà kan kò gbà ju ìtẹ̀ méjì-mẹ́ta lọ. Rosetta fa àga sún mọ́ ọn láìbèèrè nǹkan kan, ó ń ṣí ojú ìwé ìkẹyìn sílẹ̀ dè é, ó ń kó àwọn tó ti parí sí apá kejì. Ohùn igi náà lórí ìwé dà bí ti eku nínú àjà.

Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ náà mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ilé ìwòsàn kì í gba ìwé tí orúkọ ìka kò sí lẹ́yìn rẹ̀. Ó wà nínú àdéhùn wọn, baba Hollkamp ló kọ ọ́ síbẹ̀. Dwight mọ̀ ọ́n pẹ̀lú. Nígbà tí ó jáde wá bá wọn, ìwé tí kò ní orúkọ mọ́ ti tó ogójì.

"Mísì Earlene, ẹ jọ̀ọ́. Ohun ìní ilé iṣẹ́ lẹ ń bà jẹ́ yẹn."

"Orúkọ mi kì í ṣe ohun ìní ilé iṣẹ́. Ìyá mi ló fún mi." Ó tẹ kókó kan mọ́lẹ̀. "Bí a bá tẹ̀lé ìwé tìrẹ, Sí I ló fún mi."

"Ọdún méjì ló kù kí ẹ fẹ̀yìn tì. Ẹ má jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ kékeré ba ọdún mẹ́tàdínlógójì jẹ́. Bí mo bá ní kí ẹ dúró, tí ẹ ò dúró, ẹ mọ ohun tí mo gbọ́dọ̀ ṣe."

"Mo mọ̀ ọ́n. Ní kí n dúró, kí a gbọ́."

Dwight dúró lórí wọn. Rosetta kò gbójú sókè; ó ṣí ìwé mìíràn. "Mọ́kànlélógójì," ló wí. "Dwight, bí o ò bá ní sọ̀rọ̀, bá mi gbé ìdì yẹn sún mọ́bí. Ẹ̀yìn ń dùn mí."

Ẹnikẹ́ni kò mọ ohun tí Dwight ń wò nígbà náà, bóyá àwòrán baba rẹ̀ lára ògiri ni, bóyá agogo ni. Ohun tí Earlene gbọ́ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ tó lọ, àti ìdì ìwé kan tó balẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà ni ilẹ̀kùn ọ́fíìsì. Ó ń bá ilé ìwòsàn sọ̀rọ̀ lórí fóònù pé ìwé wọn kò ní lè jáde lónìí. Ó ní àṣìṣe wà nínú ẹ̀rọ. Ìka Earlene ká kò nígbà tí ó gbọ́ èyí, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí ó kọjá. Nínú ayé àwọn olójú, ẹ̀rọ ni ìbátan tí gbogbo ẹ̀bi máa ń wọ̀ sílé rẹ̀.

Ó pa orúkọ rẹ̀ nínú ìwé tó kù, gbogbo rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti dájọ́ ẹ̀rọ ìgéwé fún wọn. Garrett wá lẹ́ẹ̀kan, ó ní ṣé kò sí ohun tí òun lè ṣe. Wọ́n ní kí ó pa ojú rẹ̀ dé, kí ó fi ìka ka ìlà kan. Kò mọ ọ̀nà rẹ̀. Oṣù kẹfà rẹ̀ nìyẹn ní ilé ìtẹ̀wé afọ́jú.

Ní ọjọ́ Wẹ́sìdeè àti Tọ́sìdeè, òun àti Rosetta ka fáìlì àkọ́kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, pẹ̀lú orúkọ tuntun ilé ìwòsàn, kọ́mà lẹ́yìn kọ́mà. Earlene pe Delbert lórí fóònù, ó sọ fún un pé ìka rẹ̀ kò kú. Ọkùnrin náà dúpẹ́ bí ènìyàn ṣe ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó wá kí i nílé òkú.

"Ẹ ṣeun tí ẹ fẹ́ tù mí nínú, mà," ló wí.

Nítorí náà, ní ọjọ́ Fúráìdeè, Earlene fi ìwé tuntun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́yìn àtúnṣe sínú àpò, ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Portland. Delbert ń gbé nínú ilé kékeré kan tí kò jìnnà sí ògiri tí wọ́n fi ń dá omíyalé dúró. Òórùn ẹ̀wà àti búrẹ́dì àgbàdo gba inú ilé ìdáná rẹ̀. Ó fi ọwọ́ mú Earlene dé ibi àga, ó bu kọfí fún un, ó sì jókòó sí iwájú rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fẹ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò.

"Ojú ìwé kẹta," ni Earlene wí. "Ìlà kìíní."

Ọwọ́ Delbert lọ sórí ìwé náà. Ó ń fi ara rẹ̀ pa mọ́ sẹ́yìn ìka rẹ̀. "*Mọ...*" ló wí, ó sì dúró. "*Mọ àkókò. Tó yẹ. Lójúmọ́.*" Ó padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ìlà náà, ó tún un kà, ó yá díẹ̀ sí i. Ọkọ̀ ojú omi kan fọn lórí odò, Delbert sì fi orí tọ́ka síbẹ̀ láìmọ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó mọ̀ ọ́n lórúkọ.

"Ẹ̀yin náà ẹ kà á, mà. Kí n mọ̀ pé kì í ṣe pé mo há a sórí."

"O ti kà á. Èmi ò kà á fún ọ."

"Lọ́jọ́ Túsìdeè, ẹ ní ó ti rẹ̀ mí."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀," ni Earlene wí. "Ìka tìrẹ ló tọ̀nà, mo sì dá a lẹ́bi. Kò sí ohun tí ẹ̀rọ ṣe nínú ìyẹn. Èmi ni."

Delbert rẹ́rìn-ín díẹ̀ sínú. "Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi sin ìka yìí, mà. Mo ti gba ìdágbére lọ́wọ́ ẹ̀."

"Níbo ni ìwé àkọ́kọ́ wà?"

"Ó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì. Ẹsẹ̀ ọ̀hún kúrú."

Ó tẹ̀ ba, ó fà á yọ. Tábìlì mì, kọfí díẹ̀ dà sílẹ̀. Earlene gba ìwé náà, ó ṣí i dé ẹ̀yìn. Ẹsẹ̀ tábìlì ti jẹ igun rẹ̀, ṣùgbọ́n ìlà ìkẹyìn ṣì wà níbẹ̀, ó mú ṣáṣá bí ọjọ́ tí wọ́n lù ú. Nínú gbogbo wọn, òun nìkan ló kù. Earlene mú igi ìpakókó nínú àpò rẹ̀.

Delbert yí etí sí ohùn náà. "Kí lẹ ń ṣe yẹn, mà?"

"Mo ń gba nǹkan mi padà."

Nígbà tí ibẹ̀ tẹ́jú tán, ó fi àtàǹpàkò yẹ̀ ẹ́ wò, ó pa ìwé náà dé, ó sì nà án sí Delbert. "Dá a padà sábẹ́ tábìlì. Iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe nìyẹn."

Tábìlì dúró gírí. Delbert ti padà sórí ìwé tuntun, ẹnu rẹ̀ ń mì láìsí ohùn, ó ti dé ibi tí wọ́n ti ní kí ó bèèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Earlene dìde, ó ní kí ó júwe ibi tí omi wà. Ó fi ọṣẹ fọ ìka ìfábẹ̀lá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó padà wá mu kọfí náà.